Ẹrù Tí Fàdérera Rù Lọ sí Sàró

Orí ní í ru ẹrù, ọwọ́ ẹlòmíràn ní í sọ̀ ọ́. Ohun tí owó ẹyọ wí fún Fàdérera nìyẹn, ní ọjọ́ tí ó wọlé tọ̀ mí wá tòun ti ẹkún.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni, ọmọ Ìgbájọ níbí, ọmọ tí mo gbé jó ní ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ kan yọ̀ǹda ara wọn fún ẹgbẹ́ aláàánú kan, wọ́n sì lọ sí abúlé àwọn apẹja ní ilẹ̀ Sàró. Wọ́n ṣí ilé ìgbẹ̀bí síbẹ̀, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun. Wọ́n pín àwọ̀n ẹ̀fọn, wọ́n pín ọṣẹ, wọ́n pín aṣọ ọmọ tuntun. Àwọn ará abúlé gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì padà sí ilé wọn lọ bímọ. Aboyún kan kò tẹ ẹnu ọ̀nà ilé náà. Títí obìnrin kan fi bímọ nítòsí wọn, tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, tí ó sì kú. Igbe ẹkún ni Fàdérera fi mọ̀. Oògùn tí ì bá dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, mo wà níbẹ̀," ni ó ń wí ṣáá. "Mo wà níbẹ̀, wọn kò pè mí."

Ó ní ìsinmi ni àwọn wá lò nílé, àwọn yóò padà láìpẹ́. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, Kadíátù lórúkọ rẹ̀, tí ó máa ń rẹ́rìn-ín sí i láti òkèèrè. Oyún ti hàn lára rẹ̀. Nítorí Kadíátù yìí ni Fàdérera kò fi rí oorun sùn.

Túbọ̀sún, olórí ikọ̀ wọn, bá a wá. Ó jókòó sí etí àga bí ẹni pé ìdun wà níbẹ̀. Kò sí ìdun lára àga mi o.

Mo da owó ẹyọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, odù Ọ̀ṣẹ́ jáde, Ọ̀ṣun sì fọhùn. Ó ní oore tí wọ́n lọ ṣe dára, ṣùgbọ́n wọ́n lọ bí ẹni tí kò ṣe aláìní ohunkóhun. Wọ́n ń rù fún gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni kò sì rí ẹrù lórí àwọn fúnra wọn. Kí wọ́n fún òun ní oyin. Lẹ́yìn èyí, kí oníkálukú fi orí ara rẹ̀ ru agbọ̀n ẹ̀wà olóyin láti etí omi dé inú abúlé náà, kí ó má wọ ọkọ̀, kí ó má mú ìkòkò dání. Kí ó má sì dá agbọ̀n náà sọ̀. Kí ó ké sí onílé kan pé kí ó sọ òun, kí ó tọrọ ìkòkò lọ́wọ́ onítọ̀hún, kí wọ́n sì jọ jẹ ẹ̀wà náà.

Túbọ̀sún rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Ìyá. Àwa tí a lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ náà ni a óò tún máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi," ni mo dá a lóhùn. "Ọrùn á dùn ọ́ díẹ̀. Kò ní pa ọ́."

Ó dìde, ó ní àwọn kò lọ ṣeré níbẹ̀. Fàdérera ní tirẹ̀ gba ọjà lọ, ó ra oyin fún Ọ̀ṣun, ó ra ẹ̀wà.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí etí omi ní Sàró, ọkọ̀ ti ń dúró. Túbọ̀sún wọ̀ ọ́, ó juwọ́ sí Fàdérera, ó kọjá lọ. Fàdérera gbé agbọ̀n karí nínú oòrùn. Ó kọjá ilé kan, ojú tì í. Ó kọjá òmíràn, ojú tún tì í. Nígbà tí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan tí ń tún àwọ̀n ìpẹja tó ya ṣe, tí wọ́n ń pè ní Yéábù, ọrùn rẹ̀ fẹ́ já. Ó ti kọ́ èdè wọn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrora mú un gbàgbé, ti ilé ni ó bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ẹ sọ̀ mí o!"

Yéábù kò gbọ́ Yorùbá. Àmọ́ obìnrin wo ni kò mọ ọrùn tó ń dunni? Ó ju àwọ̀n sílẹ̀, ó di agbọ̀n náà mú, ó sọ̀ ọ́. Ó wá kí i ní ìkíni tiwọn, "Kúṣẹ́ o." Àwọn àgbà ní "ẹ kú iṣẹ́" tiwa ló di bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn láti ayé àtijọ́. Fàdérera jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún, èmi kò sì dá a lẹ́bi.

Ó tọrọ ìkòkò. Yéábù fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó pín ọṣẹ fún odidi abúlé kò ní ìkòkò kan. Wọ́n jọ se ẹ̀wà náà, wọ́n jọ jẹ ẹ́, Kadíátù náà sì wá jẹ níbẹ̀, nítorí ọmọ ọmọ Yéábù ni. Láti ọjọ́ náà, bí Yéábù bá ti rí Fàdérera lọ́nà, á gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, á pariwo pé, "Ẹ sọ̀ mí o!" Gbogbo Yorùbá tí ó gbọ́ kò ju ìyẹn lọ.

Ní òwúrọ̀ kan, bí àwọn apẹja ti ń ti ọkọ̀ sómi, Fàdérera gbọ́ ohùn náà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí. Kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kadíátù ni Yéábù gbé tì léjìká, ọmọbìnrin náà ti ń rọbí.

"Ẹ sọ̀ mí o."

Ẹ̀yin náà mọ àdúrà tí à ń gbà fún aboyún nílẹ̀ yìí: wàá sọ̀ láyọ̀. Yéábù kò mọ̀ ọ́n. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n bá òun gbé ẹrù òun kalẹ̀ ni. Fàdérera gbọ́ méjèèjì pọ̀, ó sì sáré.

Ẹ̀jẹ̀ Kadíátù ya bí ti obìnrin ìjọ́sí. Ṣùgbọ́n oògùn wà nítòsí, ọwọ́ Fàdérera wà nítòsí, ẹ̀jẹ̀ náà sì dá. A gbọ́ ohùn ìyá, a gbọ́ ohùn ọmọ. Kí òṣù náà tó lọ, àwọn obìnrin mìíràn ti ń bọ̀ wá.

Túbọ̀sún kò ṣọ̀lẹ o, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé tí ó yà, àga ni wọ́n ń gbé síta fún un, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wálé, àwọn obìnrin gba ẹrù Fàdérera lórí rẹ̀, wọ́n sìn ín dé etí omi pẹ̀lú orin. Túbọ̀sún fúnra rẹ̀ ni ó wọ́ àpótí rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀.

Ó wá sọ́dọ̀ mi nígbà ọyẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ẹ̀yìn ti àga dáadáa, ojú rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Àbámọ̀ ni ó gbé wá. Ó bi mí bóyá ó ti pẹ́ jù láti rú ẹbọ náà. Mo ní ẹ̀wà ṣì wà lọ́jà, ọrùn rẹ̀ ni kí ó lọ tọ́jú.

Bí owó ẹyọ ti wí nìyẹn. Ẹni tó rú, ó sọ̀ láyọ̀. Ẹni tó kọ̀, ó ṣì ń rù ú kiri.