Olùkọ́ Tó Lọ Ra Ẹ̀rọ Ìdárayá Fún Àwọn Ìyá Àgbà

Obìnrin kan wà ní Àkúrẹ́ tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìdárayá. Kì í ṣe ìdárayá àwọn tó ń gbé irin wúwo sókè, tí wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ o. Èyí tí wọ́n ń pè ní Pìlátíìsì ni. Ohun jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n á ní kí o rọra na ẹsẹ̀, kí o rọra ká a padà, kí o fa ikùn wọlé, kí o máa mí. Ẹni tó bá ń wò yín lókèèrè á rò pé ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ó di ọjọ́ kejì kí ara tó sọ fún ọ pé o ṣe nǹkan.

Adéyanjú, má wò mí bẹ́ẹ̀. O bi mí ní ìbéèrè, ìdáhùn rẹ̀ náà ni mo ń fún ọ yìí. Fi ara balẹ̀.

Olùkọ́ ni gbogbo ènìyàn ń pe obìnrin yìí. Ó gba gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ikùn wọn kò tíì wálẹ̀ náà máa ń wá. Àmọ́ àwọn tí kì í pa á jẹ rárá ni àwọn ìyá àgbà, àwọn tíṣà àti nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí orókún ń dùn, tí ìbàdí ń ro. Àwọn ọ̀dọ́ á tẹ́ ẹní sílẹ̀. Àwọn ìyá á jókòó lórí àga, wọ́n á máa na ẹsẹ̀ láti orí àga, wọ́n á sì máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé rí. Ìyá Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é. Ó ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Wọ́n tò ó, ó jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò yá mọ́, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn ún. Ohun tó ń dùn ún ni pé ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń dì í mú wẹ̀ láràárọ̀. Obìnrin tí gbogbo ilé ìwé ń wárìrì fún, òun ló wá ń dúró níhòòhò kí ẹlòmíràn máa bu omi sí i lára. Lọ́jọ́ kan, ó fa olùkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, n ò ní kí o sọ mí di ọ̀dọ́ o. Kí n ṣáà lè dá wẹ̀ kí n tó kú."

Olùkọ́ ní, "Ẹ ó dá wẹ̀, mà."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó ronú sí i. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́.

Ohun tó ní lọ́kàn ni ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní rífọ́mà. Ó dà bí ibùsùn tóóró. Pákó onítìmùtìmù kan wà lórí rẹ̀ tó ń yọ̀ lọ, tó ń yọ̀ bọ̀ lórí irin, sípíríǹgì ló sì ń fà á padà, okùn tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà náà wà lára rẹ̀. Wàá dùbúlẹ̀ sórí pákó yẹn, wàá fi ẹsẹ̀ ti ọ̀pá kan, sípíríǹgì á bá ọ gbé díẹ̀ nínú ìwúwo ara rẹ, oríkèé kò ní jìyà. Ó dára púpọ̀ fún egungun tó ti kán rí. Olùkọ́ ti lò ó níbi tó ti kọ́ṣẹ́, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó wọ́n bí ojú. Owó tó ti ń tù jọ kò lè rà á lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ṣì í rà, ó parí nìyẹn, kí Ìyá Ọ̀gá máa bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ wọ ilé ìwẹ̀ lọ títí ọjọ́ alẹ́.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Mo ní ó wádìí! Ó wo fídíò lórí fóònù títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó bi ẹni tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, tó ti lọ sí òkè òkun. Ó bi àwọn tó ń tà á. Èyí tí wọ́n fi igi ṣe rẹwà, àmọ́ ṣé ikán ò ní jẹ ẹ́? Èyí tí wọ́n fi irin ṣe lágbára, àmọ́ ṣé kò ní dógùn-ún? Tòkunbọ̀ kò wọ́n, àmọ́ ta ló mọ iye ènìyàn tó ti fa sípíríǹgì rẹ̀ gbó? Bí sípíríǹgì bá já nígbà tí arúgbó wà lórí rẹ̀ ńkọ́? Bí èrò yìí bá ti wá, á tún gbé fóònù pe ọ̀kan nínú àwọn tó ń tà á. Á máa bó iṣu lọ́wọ́, á kàn dúró gbagidi, ọ̀bẹ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á máa wo ògiri.

Ọkọ rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ lo fẹ́ rà ni, àbí ìyàwó kejì lo fẹ́ fẹ́ fún mi? Ìdààmú yìí pọ̀ jù o."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé inú.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ wo ẹ̀rọ náà ní Èkó, ọkọ rẹ̀ ní, "O ò ṣe mú Ìyá Ọ̀gá dání? Wọ́n á jókòó níwájú mọ́tò, wọ́n á sì fojú ara wọn rí i."

"Ha! Bàbá Mopé, ẹ jọ̀ọ́ o. Kí n máa gbé ìyá tó dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ kiri Èkó nínú oòrùn? Wọ́n á ní wọn ò kọ́ mi nílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi ara wọn. Tí mo bá rà á dé, wọ́n á rí i."

Ọkọ bá a gbé báàgì rẹ̀ dé ìdí mọ́tò. Ìwọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin yìí, kò sí àbùkù nínú rẹ̀. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ló ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀rọ, oríṣi méjì ló kù tí ọkàn rẹ̀ fà sí. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀, ó ga tó àga ìjẹun, owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì lè rà ju ẹyọ kan lọ. Èkejì kò ní ẹsẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà bíi tìmùtìmù tí wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀ lásán. Èyí ṣeé ká kó sí ara ògiri, owó rẹ̀ á sì ra mẹ́ta. Sípíríǹgì kan náà ni. Irin kan náà ni. Okùn kan náà ni.

Olùkọ́ yẹ̀ wọ́n wò lẹ́sẹẹsẹ. Ó fa okùn, ó tún un fà. Ó tẹ etí sílẹ̀ bóyá irin á dún. Ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ó fi ọwọ́ kan gbogbo ìdè. Ó ní kí ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ẹrù níbẹ̀, ọkùnrin títóbi, dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, bóyá sípíríǹgì á gbà á. Ó gbà á. Òun náà dùbúlẹ̀ sórí ti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn, ó fi ẹsẹ̀ tì í, ó fò dìde. Ó tún dùbúlẹ̀, ó tún fò dìde. Kò sí ohun tó ṣe é.

Ẹni tó ń tà á ní, "Mádáàmù, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì o. Àbí ẹsẹ̀ gíga yìí lẹ fẹ́ kó gbogbo owó yẹn lé lórí?"

Olùkọ́ rò ó. Òótọ́ ni, kí ni ẹsẹ̀ fẹ́ ṣe? Tó bá jẹ́ mẹ́ta, àwọn ìyá mẹ́ta á máa lò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó san án. Lójú ọ̀nà ilé, ó ń yíjú wo ẹrù lẹ́yìn mọ́tò ṣáá. Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wàyí, kò sì balẹ̀. Ó ń wá ohun tó gbàgbé nínú ọkàn rẹ̀, kò rí i.

Àwọn ìyá wá wo ẹ̀rọ. O ò rí wọn! Wọ́n wọ bàtà tuntun, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ṣàdúrà fún olùkọ́ pé kò ní rí ogun ọ̀fọ̀. Wọ́n ní Ìyá Ọ̀gá ni kó kọ́kọ́ lò ó. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún ẹnì kan, ó lọ dúró níwájú ẹ̀rọ. Ó wò ó. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́ bí ẹni tó dé etí odò tí kò mọ bó ṣe jìn tó.

"Ilẹ̀ ló wà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ kàn rọra jókòó sí i, kí ẹ wá dùbúlẹ̀."

Adéyanjú, ẹni tí orókún kò dùn rí ló ń sọ pé ẹ kàn rọra jókòó.

Ìyá Ọ̀gá kò fẹ́ dójú ti ọmọ ọlọ́mọ níwájú gbogbo ènìyàn. Ó di ọwọ́ olùkọ́ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó dé ìdajì, orókún kọ̀, kò lè lọ sílẹ̀ mọ́, kò sì lè padà sókè. Ó na ọwọ́ kejì láti wá nǹkan dì mú. Pákó onítìmùtìmù yẹn lọwọ́ rẹ̀ bà, pákó sì yọ̀ lọ.

"Yéè! Ìbàdí mi o!"

Olùkọ́ gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì jọ wó lulẹ̀, olùkọ́ ló wà nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sáré nínú àwọn ìyá yòókù, àmọ́ gbogbo wọn sáré lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gbárùkù tì í títí wọ́n fi gbé e dé orí àga. Egungun kò kán. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n ṣáá ni, ètè rẹ̀ funfun. Olùkọ́ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń fi ọwọ́ tẹ ìbàdí rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń bi í pé ṣé ibí ni, ṣé ibí ni, mà.

Nígbà tí Ìyá Ọ̀gá mu omi tán, ó bi í léèrè, "Ta lo mú dání lọ rà á?"

"Èmi nìkan ni mo lọ, mà. Mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu ni."

"Hẹn." Ó gbé ife omi kalẹ̀. "Ò bá kúkú yọ mí lẹ́nu, ọmọ mi. Kí n ṣáà ti gbìyànjú àtijókòó sí i lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀, ǹ bá ti sọ fún ọ."

Ohun tí olùkọ́ ń wá lójú ọ̀nà Èkó, tí kò rí, ó rí i lọ́jọ́ náà. Ó yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò, àyàfi bí wọ́n ṣe ń jókòó sí i àti bí wọ́n ṣe ń dìde kúrò lórí rẹ̀. Kò lè rántí yẹ ìyẹn wò, nítorí jíjókòó àti dídìde kì í ṣe iṣẹ́ fún un.

Olùkọ́ kò káwọ́ gbera. Ó pe káfíńtà, káfíńtà kan pèpéle igi tó le koko, wọ́n gbé àwọn ẹ̀rọ náà lé e, wọ́n sì dè wọ́n mọ́ ọn. Wọ́n ga tó àga wàyí. Àwọn ìyá yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ó sì ń ṣe wọ́n lóore. Olùkọ́ lọ sí ilé Ìyá Ọ̀gá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀rọ ti ga, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá."

Ìyá Ọ̀gá ní, "Wọ́n ti sọ fún mi. O ṣeun. Ìbàdí mi ò ṣe mí ní nǹkan kan. Àyà mi ni. Bí mo bá ti rántí bí pákó yẹn ṣe yọ̀ lọ lọ́wọ́ mi, gbogbo ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Má bínú, ọmọ mi, n ò lè wá mọ́."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti yọjú pẹ̀lú táwẹ̀lì léjìká. Ó ní, "Mà, omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́." Ìyá Ọ̀gá kò wo ojú olùkọ́. Ó dìde, ó na ọwọ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀ dì í mú, wọ́n sì jọ lọ.

Adéyanjú, ọ̀rọ̀ rẹ ló wá kù. O ní o ti rí ilé fún ìyá rẹ ní Ìbàdàn, kó lè wà nítòsí rẹ. O ní ilé náà mọ́ tónítóní, owó rẹ̀ kò sì ga ju agbára rẹ lọ. O ní òkè kẹta ni, àmọ́ àtẹ̀gùn rẹ̀ kò le, pé o gùn ún lọ, o sọ̀ kalẹ̀, èémí rẹ kò tilẹ̀ yí padà. Ta ló bi ọ́ nípa èémí tìrẹ? O bi ìyàwó rẹ, ó ní ó dára. O bi onílé, àfi bí ẹni pé onílé á ní kò dára. Èmi náà lo tún wá bi yìí.

Mo mọ̀ pé ọmọ rere ni ọ́. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ kó wàhálà bá ìyá rẹ tó jẹ́ àbúrò mi, pé o fẹ́ kó kàn dé ibẹ̀ kó bá gbogbo nǹkan nílẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Má tíì sanwó. Gbé ìyá rẹ lọ síbẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn náà. Ìwọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, má sọ̀rọ̀. Bó bá dúró sinmi lójú ọ̀nà, ìwọ náà dúró. Bó bá dókè tó ní òun fẹ́ ibẹ̀, gbà á fún un. Bó bá ní rárá, máa wá òmíràn.

Ìyá rẹ ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi yẹn tó ń ṣa ẹ̀wà. O dọ̀bálẹ̀ kí i, o gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, o sì wọlé wá bi mí bóyá ilé náà á tẹ́ ẹ lọ́rùn.