Ìkarahun Akàn Tó Ṣófo

Ọkùnrin kan wà ní etí ọ̀sà tó ń dẹ akàn. Ọdún mọ́kànlá ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ti jọ ń ṣe é. Ahéré kan náà ni wọ́n ń sùn, ìkòkò kan náà ni wọ́n ń sè. Akàn tí wọ́n bá mú, inú ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan tí wọ́n fà sórí ilẹ̀ lẹ́bàá ahéré, tí wọ́n sì rọ ẹrẹ̀ sí, ni wọ́n máa ń kó o sí di ọjọ́ ọjà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin yìí bá ìkarahun akàn kan lórí ẹrẹ̀ inú ọkọ̀ náà. Ó pé tọwọ́ tẹsẹ̀, títí kan ojú, ṣùgbọ́n kò sí ẹran nínú rẹ̀. Ó fura pé ẹnìkejì rẹ̀ ló jẹ ẹ́, nítorí ẹni náà fẹ́ràn akàn púpọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bí ẹni náà bá rẹ́rìn-ín, á ní ẹ̀rín olè ni. Bó bá dákẹ́, á ní ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Ó ku eérú yí ọkọ̀ náà ká; nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò rí ipasẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ló wá jẹ́ kó dá a lójú. Ó ní ẹni tó mọ ilé nìkan ló lè wọlé láìtẹ eérú.

Nígbà tó rí ìkarahun kejì, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ ní olè níwájú àwọn apẹja.

Ẹni náà mú ìkarahun náà, ó yí i padà lọ́wọ́. Ó ní, "Bó bá jẹ́ èmi ni mo jẹ ẹ́, báwo ni mo ṣe yọ ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò fi kán?"

Ọkùnrin náà kàn ní ọwọ́ olè a máa yọ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ kó àwọ̀n rẹ̀, ó wa ọkọ̀ lọ sí òdìkejì ọ̀sà.

Ní ọjọ́ kẹta, bí ọkùnrin náà ti ń kó ẹrẹ̀ inú ọkọ̀ dà nù, ọwọ́ rẹ̀ kan ohun kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Akàn ni. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì tóbi ju ìkarahun tó rí lọ. Ìka rẹ̀ wọ èyí àkọ́kọ́ lára, ó sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó gbé e lọ fi han ìyá arúgbó kan tó ń yan ẹja. Ìyá náà ní akàn kò ní eegun nínú bíi tiwa. Òde ara ni eegun rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ náà ni ti edé, ìrẹ̀, àkéekèe àti aláǹtakùn. Eegun òde yìí, ìyẹn ìkarahun, kì í dàgbà. Bó bá ti fún akàn jù, á là lẹ́yìn, akàn á fa ara rẹ̀ yọ ní oríkèé-oríkèé, á sì lọ fara pamọ́ títí tuntun yóò fi le.

Ìyá náà ní, "Lásìkò yẹn, ohunkóhun ló lè pa á."

Ọkùnrin náà wa ọkọ̀ lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ fún un lómi mu, ó ní òun ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n kò bá a padà.

Ìwọ tí o jókòó tì mí yìí, o sọ fún mi pé láti ìgbà tí ẹ ti sin ìyá ìyàwó rẹ ni ìyàwó rẹ ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra. O ní o ti yẹ fóònù rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, o kò rí nǹkan kan, àìrí yẹn ló sì ń bà ọ́ lẹ́rù jù. Mo ti gbọ́. Má bi í léèrè ohunkóhun lónìí. Se ọbẹ̀, gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, kí o sì sún sẹ́yìn díẹ̀. Obìnrin náà kò fi nǹkan kan pamọ́ fún ọ. Ara rẹ̀ ni kò tíì le.