Ọ̀nà Òsì Tó Gba Orí Àpáta

Ìlésanmí, gbọ́ ìtàn yìí. Ọkùnrin kan ń bẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣíwájú àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè. Ìlú rẹ̀ wà láàárín àwọn òkè tí igbó bò, adágún ńlá kan sì wà nísàlẹ̀ wọn. Òun àti àwọn ará ìlú ló la àwọn ọ̀nà tóóró sáàárín igi. Wọ́n kó òkúta kúrò, wọ́n fi pákó ṣe afárá sórí àwọn odò kéékèèké. Àwọn èèyàn máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá kí wọ́n lè gun kẹ̀kẹ́ láti orí òkè dé etí omi. Ọkùnrin yìí mọ òkè náà bí ẹni mọ ìyẹ̀wù ara rẹ̀. Kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ gígùn.

Ní ìdajì òkè, ọ̀nà náà pín sí méjì. Èyí tó yà sọ́tùn-ún gba inú igbó ọparun, ó ń yí lọ yí bọ̀ títí yóò fi dé ilẹ̀. Èyí tó yà sósì gba orí àpáta. Àpáta náà ń yọ̀, ó sì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Níbi tó parí sí, oníkẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ṣẹ́rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lójijì. Bí kò bá ṣẹ́rí rẹ̀, òfuurufú ló kù níwájú rẹ̀, lẹ́yìn náà omi.

Ọkùnrin yìí kì í jẹ́ kí àlejò kankan gba òsì. Òun fúnra rẹ̀ ń gbà á. Bí ó bá ti sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta yẹn, tí ó sì yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ létí ibẹ̀, ara rẹ̀ á yá gágá di ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti bá a sọ ọ́ títí. Ó ní, "Ọ̀nà tí o ní kí ẹnikẹ́ni má gbà, kí ni ìwọ ń wá níbẹ̀?"

Ó dáhùn pé, "Mo mọ̀ ọ́n gbà ni. Ṣé ó ti ṣe mí ní nǹkan kan rí?"

Òótọ́ ni. Kò ṣe é ní nǹkan kan rí.

Ó wá di ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ mọ́jú. Àwọn àlejò dé láàárọ̀. Obìnrin kan wà nínú wọn tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ti bá ọkùnrin yìí gun òkè náà nígbà púpọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ti kọ́ kẹ̀kẹ́ orí òkè. Ọkùnrin náà máa ń sọ fún un pé, "Bí ilẹ̀ bá ti ní ẹrẹ̀, ojú táyà mi ni kí ẹ máa wò. Ibi tí mo bá gbà ni kí ẹ gbà." Ọkọ obìnrin yìí kò lè gun kẹ̀kẹ́. Ńṣe ló máa ń wa mọ́tò lọ dúró dè é létí adágún pẹ̀lú oúnjẹ àti omi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó tó lọ, ó wo ojú ọ̀run, ó sì wo ilẹ̀.

Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé kò séwu báyìí? Ilẹ̀ ń yọ̀ o."

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi ni mò ń ṣíwájú wọn."

Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, ó pe gbogbo wọn jọ. Ó ní, "Èmi á kọ́kọ́ lọ, kí n lọ wò ó bóyá igi ti wó dí ọ̀nà. Ẹ fún mi láyè díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá dé oríta, ọ̀tún ni o. Ẹ má gba òsì." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ dé oríta, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀, ó dúró. Inú ọparun ló yẹ kó gbà, nítorí ibẹ̀ ni igi lè wó sí. Ṣùgbọ́n àpáta ń dán lẹ́yìn òjò, adágún sì ń kọ mànà nísàlẹ̀. Ó wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ta ni yóò mọ̀? Ó tú ọwọ́ lórí bíréèkì, ó gba òsì. Kẹ̀kẹ́ yọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ létí àpáta. Ṣùgbọ́n ó yí i. Ó dé etí omi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ obìnrin náà ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó ti to oúnjẹ sórí rẹ̀. Wọ́n jọ ń retí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n gbúròó kẹ̀kẹ́ láti inú ọparun, ọkọ sì dìde pẹ̀lú ìgò omi lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ẹrẹ̀ ti bò ó dé ojú. Wọ́n tún gbúròó òmíràn. Kì í ṣe òun. Ẹlòmíràn tún jáde, kì í ṣe òun náà. Ọkọ kò jókòó mọ́.

Ó ní, "Ìyàwó mi ńkọ́?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́kọ́ dé wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Ṣé wọn ò tíì dé ni? Àwọn ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé Bọ̀dá. Ẹ̀yìn wọn ni gbogbo wa wà."

Ìlésanmí, mi ò gbàdúrà kí irú nǹkan tó ṣe ọkùnrin tó ṣíwájú wọn yẹn ní wákàtí yẹn ṣe ọ́ láé. Ọ̀nà ọ̀tún kò ní ẹ̀ka. Bí obìnrin náà bá ṣubú síbẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ì bá ti bá a lójú ọ̀nà. Ojú ọkùnrin náà kàn lọ sókè fúnra rẹ̀, sí àpáta. Ọkọ sì rí i.

Ó ní, "Kí lẹ ń wò lọ́hùn-ún?"

Ọkùnrin náà ti ń sáré. Ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun òkè gba ẹ̀bá àpáta. Ó ń pe orúkọ obìnrin náà, ó ń dúró fetí sílẹ̀, ó tún ń pè. Ẹyẹ nìkan ló ń dá a lóhùn. Ọkọ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú bàtà tí kò bá òkè mu, ó ń ṣubú, ó ń dìde, kò béèrè nǹkan kan mọ́. Ọkùnrin náà ì bá fẹ́ kó máa béèrè.

Nígbà tí wọ́n dé etí àpáta, ó rí ojú táyà ara rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó rí òmíràn lórí rẹ̀, tó tẹ̀ lé e láìyà sọ́tùn-ún, láìyà sósì. Níbi tí tirẹ̀ ti ṣẹ́rí, èkejì kò ṣẹ́rí.

Ó di gbòǹgbò igi mú, ó yọjú wo ìsàlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ há sórí igi kan. Obìnrin náà wà lábẹ́ igi náà, lórí iyanrìn, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí rẹ̀. Akoto rẹ̀ ti là. Ọkọ ké. Nígbà náà ni ọwọ́ obìnrin náà mira.

Wọ́n bá a láàyè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, èjìká rẹ̀ sì ti yẹ̀. Nígbà tí ó rí ọkùnrin náà, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Bọ̀dá, ẹ má bínú. Mo rí ojú táyà yín. Mo rò pé igi ti wó dí ọ̀tún ni ẹ ṣe gba ibẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n yí bí ẹ ti ń yí i."

Òun ló ń bẹ̀ ẹ́. Ọkọ yí ojú sí ọkùnrin náà, ó ń retí kí ó sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ní, "Igi kankan kò wó. Mo kàn gbà á ni."

Wọ́n gbé obìnrin náà dé ilé ìwòsàn. Ó yè, ṣùgbọ́n ó ń tiro títí di òní. Ọkùnrin náà ṣì ń ṣíwájú àwọn oníkẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ tí kò sí àlejò kankan, tí òkè jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ọ̀tún náà ló ń gbà.

Ìlésanmí, ìwọ kò gun kẹ̀kẹ́. Alùpùpù lo ń gùn. O máa ń mu ẹmu ní oko, wàá sì gùn ún wálé láìfarakan ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a bá ọ wí, o ní kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan rí. Mo gbà. Ọwọ́ rẹ dúró ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ ti ra alùpùpù. Wọ́n rí i lọ́jà àná, ó ti mu ẹmu, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lórí rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ìwọ ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá yín ti ń dúró sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́. Bí ó bá ti gbúròó ẹ́ńjìnì, á dìde. Bí kì í bá ṣe àbúrò rẹ, kì í jókòó mọ́.

Àwọn àgbà ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Wọn kò sọ ohun tí ará iwájú tó ń fo kòtò kọjá ń kọ́ ará ẹ̀yìn. Ìwọ ni kí o ronú sí i. O ti sọ fún ọmọ náà pé kó má mu, mo gbọ́ nígbà tí o ń sọ ọ́. Má tún un sọ. Mú un lọ sí oko lónìí, kí o ṣíwájú rẹ̀ padà wálé láìfẹnu kan ẹmu. Kó rí ọ. Ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la pẹ̀lú.