Tìmáàtì Inú Garawa Ọ̀dà

Ọkùnrin kan wà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu ọkọ̀ wíwà, ó sì ní òun fẹ́ máa gbin tìmáàtì lẹ́yìnkùlé. Ó ṣa garawa ọ̀dà jọ, ó rọ erùpẹ̀ sí wọn, ó gbin èhù tìmáàtì kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń dirun fún àwọn obìnrin àdúgbò, ló ń bomi rin wọn láàárọ̀. Bí oòrùn bá rọ̀, ọkọ á tún bu omi sí i, nítorí kò gbà pé iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ṣe lè pé. Kò pẹ́ tí ewé ìsàlẹ̀ fi ń pọ́n, tí wọ́n sì ń já bọ́.

Ìyàwó ní, “Bàbá Adétóún, omi yìí ti pọ̀ jù. Erùpẹ̀ yẹn ti ń rùn.” Ọkọ ní kí ó gbẹ́nu dúró. Ó tún pọn omi kún omi.

Nígbà tí ewé ò yéé já, ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ àgbẹ̀. Ìyẹn kàn ní, “Lọ wádìí ẹ̀ dáadáa.” Ọkùnrin yìí wádìí lóòótọ́. Ó wádìí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wádìí lọ́dọ̀ ará ilé, títí ẹnì kan fi sọ fún un pé ìyá ìyàwó rẹ̀ kì í gbin nǹkan kó hù. Ó ní òun ti rídìí rẹ̀. Ó dúró níbi tí àwọn tó wá dirun jókòó sí, ó sọ ọ́ sókè pé, “Ọwọ́ ẹ ni ò dáa. Ohun tí o bá fọwọ́ kàn, kíkú ló ń kú.” Obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, torí irú wọn pọ̀.

Nígbà tí àgbẹ̀ náà yà wò ó, ọkùnrin yìí ròyìn ọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀ fún un. Àgbẹ̀ náà kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀. Ó fa tìmáàtì kan tu. Gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó ti rà. Ó gbé garawa sókè, ó wo ìdí rẹ̀. Kò sí ihò kan ṣoṣo níbẹ̀ tí omi lè gbà jáde.

Ó ní, “Ìdí tí mo ní kí o lọ wá nìyí. Èwo ni ti ìyá ìyàwó?”

Wọ́n dá ihò sí ìdí àwọn garawa náà, omi ṣàn jáde, àwọn tó kù sì rúwé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkùnrin náà wá lọ bẹ ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gbé orí wá fún mi dì mọ́. Ẹ lọ bá mi gba ọwọ́ mi padà lọ́wọ́ wọn, kí n tó padà wá.” Ọkùnrin náà lọ láti ilé dé ilé àwọn oníbàárà ìyàwó rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n sì ti ń dirun. Ẹyin lohùn. Títí di òní, òun nìkan ló ń jẹ tìmáàtì rẹ̀.

Mo rí i pé o fẹ́ dìde. Jókòó. O wá bá mi pé kí n gbàdúrà kí ìyàwó ọmọ rẹ lè kó jáde, torí láti ìgbà tó ti wọlé ni ọjà rẹ kò ti tà mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni o ń wò. Èmi tí mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ mọ aago tí o ń ṣí i, mo sì mọ bí o ṣe ń kanra mọ́ oníbàárà. N kò ní gba àdúrà yẹn. Kí o tó dé ọ̀dọ̀ mi, èèyàn mélòó lo ti sọ ọ́ fún?