Òkété Tó Ń Bọ́ Adìẹ Lọ́sàn-án Gangan

Àlọ́ mi fò pẹ́rẹ́, kò bà sórí igi, kò bà sórí òrùlé, ilé adìẹ ló já sí, ó sì bá Òkété níbẹ̀.

Ẹkùn ń wá ìyàwó. Ọmọ Kìnnìún ló wù ú. Kìnnìún ní, "Èmi ò gba aṣọ, n ò gba iyọ̀. Adìẹ tó sanra ni kí o fi ṣe mí lálejò. Bí eegun lásán bá gún mi lérìgì, o ò ní rí ọmọ mi fẹ́."

Ẹkùn ra òròmọdìẹ àgíríìkì, àwọn funfun tó ń yára tóbi, ó kó wọn sí ilé onípáànù. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni. Oòrùn ọdún yẹn mú débi pé aláǹgbá ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀, á tún gbé èkejì. Ẹkùn wá ń wá ẹni tí yóò máa bọ́ adìẹ.

Òkété dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, èmi ò gba owó. Èyí tí wọ́n bá jẹ kù nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

"Àjẹkù nìkan?" Inú Ẹkùn dùn. "Ọmọlúàbí ni ọ́!"

Ọmọlúàbí! Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Lọ́jọ́ kìíní, Òkété gbé oúnjẹ kalẹ̀ ní ìdájí, nígbà tí atẹ́gùn ṣì tutù: àgbàdo lílọ̀, kúlíkúlí àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n gún. Àwọn adìẹ jẹ ẹ́ ráúráú. Kò ku nǹkan kan, ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lu Òkété pa. Nígbà tó di ọ̀sán, ó rí i tí gbogbo wọn na ìyẹ́ sílẹ̀, wọ́n lanu, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Tata kan fò kọjá níwájú wọn, kò sí èyí tó na ọrùn sí i.

"Ẹ̀hẹ́n!" ni Òkété wí.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán gangan ló ń gbé oúnjẹ sílẹ̀. Àwọn adìẹ á wò ó, wọ́n á yíjú. Kí oòrùn tó rọ̀, Òkété á ní, "Ẹ ti yó nìyẹn? Ó dáa, ẹ ṣeun." Á sì gbá gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Òpìpì, abo adìẹ kan tí kò ní ìyẹ́ púpọ̀ lára, bẹ̀ ẹ́ pé, "Bọ̀dá Òkété, ooru ni kì í jẹ́ ká lè jẹun. Ẹ bọ́ wa ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì fún wa lómi tútù."

"Ìwọ tí o ò rí ìyẹ́ wọ̀, ta ló bi ọ́?"

Ẹkùn yọjú lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Òkété, kí ló dé tí wọ́n ń mí báyìí?"

"Ọ̀rá ni, Bàbá! Ọ̀rá ti kún wọn dé ọ̀fun. Ẹran tó bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ lọ́sàn-án, ó ti tó pa nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n o, kí ọ̀rá má baà yọ́."

Ẹkùn tó ń fi èékánná ya ẹfọ̀n gbà á gbọ́. Agbára lọ́tọ̀, làákàyè lọ́tọ̀.

Ọjọ́ àlejò pé. Kìnnìún dé lọ́sàn-án, ó jókòó, ó pọ́n ẹnu lá. Ẹkùn ki ọwọ́ mọ́ adìẹ kan: ìyẹ́ ni. Ó ki òmíràn: eegun ni. Kìnnìún bú ramúramù. "Ẹkùn, ṣé ìyẹ́ lo pè mí wá jẹ?"

Ẹkùn wo ìyẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rí i pé ìyàwó ń lọ.

Òkété fẹ́ sá, àmọ́ ó ti sanra débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ dáadáa mọ́. Ẹ̀yìn ilé adìẹ ló dé tó ṣubú, ó lanu, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Òpìpì kígbe. "Bàbá Ẹkùn! Ẹran wo ló ń mí lọ́hùn-ún yẹn? Ẹ rántí ohun tí wọ́n kọ́ yín!"

"Ooru ni!" ni Òkété ń pariwo. "Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kì í ṣe ọ̀rá! Ooru ló ń mú mi!"

Ẹkùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. "Ooru? Ṣé ooru máa ń jẹ́ kí ẹran mí báyìí?"

Ọ̀nà méjèèjì dí mọ́ Òkété. Bó bá ní ooru ni, ó ti purọ́ fún Ẹkùn. Bó bá ní ọ̀rá ni, ó ti tó pa.

Kìnnìún fi ìka tẹ ikùn Òkété. "Àna mi," ló wí jẹ́jẹ́, "o gbìyànjú. Èyí sanra."

Bí Ẹkùn ṣe rí ìyàwó fẹ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ Òkété gbọ́, wọ́n gbẹ́ ihò jìn sínú ilẹ̀, títí dòní wọn kì í jáde lọ́sàn-án. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà, ó mọ ilé òkété náà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sin adìẹ nígbà ooru, ìdájí ni kí ẹ bọ́ wọn o. Bí mo bá purọ́ sí i, kí àkùkọ ilé mi má kọ lọ́la.