Àwẹ̀ró àti Ọdẹ Tí Kò Lè Sọ̀rọ̀

Láyé àtijọ́, Àwẹ̀ró ni ó ń tọ́jú àwọn aláìsàn ní ìlú Ìdí-Ọsàn. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó sì ń yí wọn padà lórí ẹní kí egbò má baà jẹ wọ́n ní ìdí. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọdẹ́gbàmí, ọdẹ tí àrùn ẹ̀gbà mú, tí apá rẹ̀ rọ, tí ohùn rẹ̀ sì lọ.

Àṣà àwọn olùtọ́jú ni láti jókòó sẹ́yìn aláìsàn, kí wọ́n fi àyà gbé e ró, kí wọ́n sì na igbá ẹ̀kọ síwájú sí i lẹ́nu. Àwẹ̀ró kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ọdẹ́gbàmí. Á gbé e ti ògiri, á jókòó síwájú rẹ̀. Bí ọdẹ bá ti di ojú pinpin, á mọ̀ pé ẹ̀kọ ti ń há a lọ́fun, á sì dúró.

Nígbà tí ó yá, Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè é.

“Àwọn aláìsàn ti pọ̀ ju ọwọ́ rẹ lọ. Wá jókòó lọ́dọ̀ mi, kí o máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́, kí o sì máa pín wọn kiri.”

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: “Ìyá Alábòójútó, ẹ ò ní fọ aṣọ ìgbẹ́ mọ́ o! Ẹ má gbàgbé wa!”

Inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí ó ń kúrò lọ́dọ̀ Ọdẹ́gbàmí, ọdẹ náà tẹjú mọ́ ọn títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. “Mo ń bọ̀,” ni Àwẹ̀ró wí fún un. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tuntun kò jẹ́ kí ó padà. Ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní egbò wíwẹ̀ àti ẹsẹ̀ nínà. Kò rántí sọ ìdí tí òun fi ń jókòó síwájú ọdẹ.

Ìbíyẹmí, tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wá jábọ̀. “Ìyá, ọdẹ yẹn ń húkọ́, ó sì ń rù.”

“Ẹ̀kọ kò tó o ni. Fi kún un.”

“Ṣé ẹ ò ní yọjú wò ó ni?”

“Tó bá di ọ̀la.”

Ọjọ́ tí ó padà yọjú, Ìbíyẹmí wà lẹ́yìn ọdẹ, ó gbé igbá tì í lẹ́nu. “Ìyá, ẹ káàbọ̀! Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mu ún tán!”

Láti ẹnu ọ̀nà ni Àwẹ̀ró ti rí ojú tí ó dì pinpin, tí omijé ń jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú, tí ẹ̀kọ sì ń ṣàn nímú.

“Gbé igbá yẹn kúrò!”

Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ọdẹ́gbàmí ti kú.

“Ìyá, mi ò rí ojú rẹ̀,” ni Ìbíyẹmí ń sunkún wí.

“Èmi gan-an ò wá wò ó.”

Àwẹ̀ró bẹ Baálẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun padà sídìí ẹní àwọn aláìsàn. Baálẹ̀ kọ̀, ó ní ta ni yóò kọ́ àwọn yòókù? Orí ìjókòó náà ni ó gbó sí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wá jábọ̀ fún un, ohun kan náà ni ó máa ń sọ, títí tí ọlọ́jọ́ fi dé, ẹnu rẹ̀ sì ni àwọn àgbà ti gba ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n fi ń pa á lówe dòní pé: ojú lọ̀rọ̀ wà.