Bàtà Ẹlẹ́rẹ̀ Lórí Ilẹ̀ Apolena

Àwọn ará Ṣẹ́ẹ̀kì àti àwọn ará Sìlófákì, tí èdè wọn jọra bí ọmọ ìyá méjì, máa ń pa òwe kan pé: “Àlejò wọlé, Ọlọ́run wọlé.” Ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti Apolena ná. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ló purọ́.

Abúlé kan lẹ́bàá òkè nílẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì ni Apolena ń gbé, ìmọ́tótó rẹ̀ sì ti fẹ́ di àrùn sí i lára. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ ilé tán ni Ondrej kan ilẹ̀kùn. Ará Sìlófákì ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rìn láti abúlé dé abúlé, kó máa fi wáyà so ìkòkò amọ̀ tó ti sán. Apolena wo bàtà rẹ̀, ó rí ẹrẹ̀.

“Kò sí ìkòkò tó sán níbí,” ló wí, ó sì ti ilẹ̀kùn. Irọ́ ni, ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ ń jò lórí iná bó ti ń sọ̀rọ̀.

Nílẹ̀ wọn, bí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ bá ti yọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni gbogbo ilé máa ń jókòó jẹun. Èèwọ̀ ni kí ẹnì kan wà nídìí tábìlì láìní ẹnìkejì: bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún tàbí méje, wọ́n gbà pé ikú yóò mú ọ̀kan kí ọdún tó yípo. Ìràwọ̀ yọ, ṣùgbọ́n yìnyín ti dí ọ̀nà mọ́ àbúrò ọkọ Apolena tí wọ́n ń retí. Ó wá ku òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Ó wo Prokop, ọkọ rẹ̀, tí ikọ́ ti ń bá fínra láti ìgbà ìkórè, àyà rẹ̀ já. Ta ni ikú yóò mú bí kò ṣe ẹni tó ti rù tẹ́lẹ̀?

Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà Prokop, ó sáré jáde. Ó bẹ aládùúgbò rẹ̀ pé kó yá òun ní ẹnì kan. Ìyẹn rẹ́rìn-ín: “Bí mo bá yá ọ lọ́kọ mi, ta ló máa bá mi jókòó?” Ohun kan náà ni wọ́n sọ nílé kejì. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti wá rí Ondrej, tó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ.

“Ọmọ mi, dákun, wá bá wa jẹun.”

“Bàtà mi ò tíì mọ́ o, ìyá.”

“Wọ̀ ọ́ wọlé bẹ́ẹ̀. Bó o bá fẹ́, wọ̀ ọ́ gun bẹ́ẹ̀dì mi.”

Bí Ondrej ti jókòó, ó gbọ́ tí ọbẹ̀ ń kán sínú iná. Ó wo ìkòkò, ó wo Apolena. “Ìyá, ẹ ṣáà ní kò sí èyí tó sán.”

Prokop, tó mọ ìyàwó rẹ̀ dáadáa, bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn ọmọ náà sì bá a rín in. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó na àwo rẹ̀ síwájú fún ọbẹ̀ ẹja lẹ́ẹ̀kejì, ohun tí kò ṣe látìgbà tí àìsàn ti dé. Inú Apolena dùn débi pé ó ń fi etí ìborí rẹ̀ nu ojú. Ó ní, “Ẹni tó máa kún iye wa ni mo lọ wá. Mi ò mọ̀ pé Ọlọ́run ni mò ń fà wọlé.”

Prokop rí Kérésìmesì tó tẹ̀ lé e, ó sì rí ọ̀pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyí táwọn àgbà ibẹ̀ fi máa ń pa òwe náà fún ẹni tó bá ń fajú ro sí àlejò àìròtẹ́lẹ̀, tó ń ro ti oúnjẹ tí kò tó àti ilé tí kò tíì tò: àlejò wọlé, Ọlọ́run wọlé. Wọ́n á pa á tán, wọ́n á sì sún láti fi àyè sílẹ̀.